Ilẹ̀kùn Mẹ́fà Lórí Omi

Aṣọ ìléèwé ni mo ń lọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Mo ti lọ mẹ́ta, ó ku méjì. Mo fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ, mo gbé àpótí ìjókòó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì jókòó, torí pé láti àárọ̀ tí mo ti wọkọ̀ lọ sí Èkó, tí mo sì tún wọkọ̀ padà sí Lotto níbí, ẹsẹ̀ méjèèjì ń ro mí. Ibẹ̀ ni ẹ ti wá bá mi, ẹ̀yin ọmọ ilé yìí, tí ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ ìgbà èwe mi fún yín. Mo sọ díẹ̀, ó dàpọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nítorí náà ni mo ṣe mú ìwé, tí mo ń kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹ lè kà á fúnra yín.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìlá, Akute ni a ń gbé, ní apá ibi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí odò. Ìgbà náà ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn, ẹni tó bá sì ní in, ọwọ́ ló máa ń mú un dání kí gbogbo ayé lè rí i. Kò sí ibi tí èèyàn yíjú sí tí wọn kì í kọ́lé. Àwọn tí owó ilé Èkó ti lé jáde ń ra ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onílẹ̀, wọ́n ń mọ ògiri, wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn kan òrùlé àti ilẹ̀kùn. Ohun tó gbé bàbá mi wá síbẹ̀ láti apá Ọ̀ṣun nìyẹn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, àmọ́ ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí ó bá kan ilẹ̀kùn kan, tí ó sì gbé e kọ́, ìka ọwọ́ kan lo máa fi tì í tí yóò fi pa dé, kò sì ní ké.

Òun fúnra rẹ̀ ló kan ọkọ̀ ojú omi wa. Ó kan án dáadáa, omi tó ń wọ inú rẹ̀ kò ju ohun tí agolo mílíìkì kan lè gbọ́n lọ. Bàbá mi mọ igi dé gbòǹgbò. Omi ni kò mọ̀.

Ẹni tó mọ omi ní àdúgbò wa ni ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Ọmọ onílẹ̀ ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀ láti Akute lọ sí ìsàlẹ̀, lọ sí ibi tí odò wa ti ń wọ ọ̀sà, ó ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, ó ń gbé ẹja bọ̀. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀, orókún rẹ̀ kò sì gbà fún un mọ́ láti jókòó sínú ọkọ̀. Èmi ni mo máa ń bá a ṣa òkúta inú ẹ̀wà rẹ̀. Bí mo bá ti ń ṣà á, òun á máa sọ̀rọ̀, torí ó mọ̀ pé mi ò ní dá ọ̀rọ̀ mọ́ òun lẹ́nu.

Ó máa ń sọ pé, "Odò tó wà níbí, ọ̀nà kan ló mọ̀. Ó ń lọ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ìsàlẹ̀, odò kan náà á lọ, á tún padà, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí o bá bá a nígbà tó ń lọ, tí o fi àjẹ̀ bá a jà, apá rẹ á já, kò sì ní mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Yà sí ẹ̀gbẹ́. Dúró dè é."

Bí bàbá mi bá kọjá lọ sí odò, ìyá àgbà á pè é.

"Káfíńtà! Ṣé o ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ọkọ̀?"

Bàbá mi á rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ewúrẹ́ ni wọ́n ń so. Ọkọ̀ kì í sá."

"Òótọ́ ni, kì í sá," ìyá àgbà á dá a lóhùn. "Ó máa ń pokùnso ni."

Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà á rẹ́rìn-ín, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó bi í pé kí ni ó ń wí.

Ní ọdún yẹn, ọ̀gá kan tó ń kọ́lé sí ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ọ̀sà, gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn fún bàbá mi. Ilẹ̀kùn méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrù kó lọ gba ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n fi ara gbún ara wọn títí wọ́n fi dé, ọ̀gá náà sì dá wọn padà. Ó ní kí bàbá mi kan mẹ́fà mìíràn. Ó ní bí èyíkéyìí nínú mẹ́fà náà bá dé pẹ̀lú àbùkù, kí bàbá mi má wá sọ́dọ̀ òun mọ́. Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀gá yìí ló mú bàbá mi mọ gbogbo àwọn yòókù tó ń kọ́lé ní apá ibẹ̀. Bí ẹnu ọkùnrin kan ṣoṣo yẹn bá bà á jẹ́, a óò tún ẹrù wa dì padà sí Ọ̀ṣun. Ìyá mi mọ̀, èmi náà sì mọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni bàbá mi fi ṣe ilẹ̀kùn mẹ́fà náà, igi ọ̀gànwó ni ó lò. Ó fi bébà ha wọ́n títí ojú wọn fi ń dán bí awọ ara ọmọ tuntun, ó sì kùn wọ́n. Ó ní òun kò tún ní fi wọ́n sínú ọkọ̀ ẹrù láéláé. Ojú omi ni wọn yóò gbà.

Àmọ́ omi àti ilẹ̀kùn kì í ṣọ̀rẹ́. Ilẹ̀kùn tó bá mu omi yóò wú, kò ní wọ férémù mọ́. Bàbá mi tẹ́ igi mẹ́rin dábùú ọkọ̀, ó to ilẹ̀kùn mẹ́ta síwájú àti mẹ́ta sẹ́yìn lórí wọn, kí wọ́n lè ga ju omi inú ọkọ̀ lọ. Ó fi tápólì bò wọ́n, ó sì so ó pinpin. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sáàárín, torí pé òun náà ni yóò gbé ilẹ̀kùn kọ́ bí a bá débẹ̀. Ó ti sọ fún ìyá mi pé a óò sùn síbẹ̀. Èmi ni ó mú dání, torí mi ò wúwo, mo sì mọ omi í gbọ́n.

A kírun àárọ̀ tán, ìmọ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, a sì ṣí. Ìyá mi dúró sí etí odò títí a fi yí kọ́nà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò kò sáré. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, a kọjá lábẹ́ afárá ńlá ojú ọ̀nà márosẹ̀. Mo gbójú sókè, mò ń gbọ́ bí táyà ṣe ń lu ojú ìsọ kọnkéré lókè wa, gbì-gbì, gbì-gbì. Òórùn màlúù láti ọjà wọn tó wà létí ibẹ̀ bá wa lọ títí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí kún. Ọkọ̀ oníyanrìn ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó kún débi pé ó kù díẹ̀ kí omi bá etí rẹ̀ dọ́gba. Àwọn tó ń fa gẹdú lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó wà lọ́wọ́ òsì, igi bí ogún tí wọ́n so pọ̀, ó gùn bí àdúgbò. Àwọ̀n àwọn apẹja wà láàárín, igbá kéékèèké ni wọ́n fi sàmì ibi tó wà. Koríko ojú omi sì wà níbi gbogbo, ó ń rìn kiri bíi pé ó ní ibi tó ń lọ.

Bàbá mi wà ní ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀, èmi wà níwájú pẹ̀lú agolo mi. Mo rí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tó kún fún èèyàn, tó ń bọ̀ wá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ti gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ìgbì ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì.

Mo ní, "Bàbá, ẹ yí iwájú ọkọ̀ sí ìgbì!"

"Máa gbọ́n omi."

Ìgbì náà fi ẹ̀gbẹ́ gbá wa. Ọkọ̀ wa fì sí ọ̀tún, ó fì sí òsì, omi sì wọlé tó ìwọ̀n garawa kan. Tápólì ló gba ilẹ̀kùn là.  Nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kejì kọjá, bàbá mi yí iwájú ọkọ̀ sí ìgbì rẹ̀. Síbẹ̀ kò wo ojú mi.

Nígbà tí a ó fi dé ibi tí à ń lọ, oòrùn ti ga díẹ̀. Èbúté kékeré kan ni, pákó lásán tí wọ́n tẹ́ lórí òpó. Omi kún fọ́fọ́, ó kù díẹ̀ kó bá pákó náà dọ́gba, débi pé mo kàn gbé ẹsẹ̀ láti inú ọkọ̀ ni mo sì bọ́ sórí rẹ̀. Bàbá mi so ọkọ̀ ní ìdí, ó so ó níwájú, okùn méjèèjì láàárín ọkọ̀ àti òpó kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ó ká ìyókù sínú ọkọ̀, ó sì ta kókó tó fi máa ń de pákó mọ́ orí ọkọ̀ ẹrù. Kò fẹ́ kí ọkọ̀ rìn, kó má bàa máa gbá èbúté kí ilẹ̀kùn fi ha ara wọn.

Mo wo àwọn ọkọ̀ tó kù níbẹ̀. Okùn tiwọn dẹ̀, ó gùn tó kí ọkọ̀ lè lọ kó tún bọ̀.

"Bàbá, okùn tàwọn tó kù gùn."

"Àwọn tó kù kò gbé ilẹ̀kùn." Ó gbọn sòkòtò rẹ̀. "Dúró síbí, má kúrò. Mò ń lọ pe fọ́máànù."

Mo jẹ́ kó máa lọ. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni mí, wọ́n sì ti yìn mí títí fún un.

Fọ́máànù tó ń bá ọ̀gá náà bójú tó ilé kò sí ní ibi iṣẹ́. Bàbá mi ní láti wọ àdúgbò lọ wá a, mi ò sì mọ̀. Mo jókòó sórí pákó èbúté, mò ń wo àwọn tó ń fi páànù ru yanrìn kúrò nínú ọkọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ mi tó kan omi tẹ́lẹ̀ kò kàn án mọ́. Mo rò pé èmi ni mo sún sókè. Mo wo ara òpó, mo rí ibi tó tutù lókè omi, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ìgbà tí mo tún wò ó, ó ti di méjì.

Odò ti ń padà sí ọ̀sà.

Omi ibẹ̀ kì í lọ sílẹ̀ púpọ̀, ó lè má ju orókún ọmọ ọdún méjìlá lọ láti ìgbà tó kún títí dìgbà tó fà tán. Ṣùgbọ́n okùn wa kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté dúró sókè, èyí tí wọn kò so ń bá omi lọ sílẹ̀. Ọkọ̀ wa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan yọ̀ lábẹ́ tápólì, ó ní *ṣììì*, ó sì dúró. Nígbà yẹn ni ohun tí ìyá àgbà ń wí yé mi. Ọkọ̀ wa ń pokùnso.

Mo bẹ́ sínú rẹ̀, mo di kókó mú. Okùn ti le bí irin. Mo fi eyín fà á, kò mì. Obìnrin kan tó ń ru yanrìn rí mi, ó gbé páànù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ yìí, tú u o! Ọkọ̀ yẹn máa dojú dé!"

"Kò tú, mà!"

"Gé e nígbà náà! Kí lo ń wò? Ṣé kò sí ọ̀bẹ ni?"

Kò sí ọ̀bẹ. Ayùn bàbá mi ló wà nínú àpò, èyí tó kéré, tó fi ń gé ojú igi wẹ́wẹ́, tí ìyá mi gan-an kì í fọwọ́ kàn. Mo fà á yọ. Mo gé okùn ìdí ọkọ̀, ọkọ̀ já sínú omi, *gbàà*, omi ta bò mí lójú. Mo ràkòrò kọjá lórí ilẹ̀kùn lọ síwájú, mo gé èkejì. Ọkọ̀ tẹ́jú. Ilẹ̀kùn dúró. Mo nawọ́ láti di òpó èbúté mú, ó sì ti fi ìwọ̀n apá mi jìnnà sí mi. Ó tún di ìwọ̀n apá méjì. Obìnrin yẹn sáré wọ omi títí dé ìbàdí, ọwọ́ rẹ̀ kò tó mi.

"Mú àjẹ̀!" Ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn mi. "Mú àjẹ̀, ọmọ mi!"

Ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn kọ́nà kejì, ọ̀sà gbalasa ló wà níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún méjìlá tó bá fi àjẹ̀ kan bọ́ sójú ọ̀sà pẹ̀lú ilẹ̀kùn mẹ́fà, afẹ́fẹ́ ni yóò pinnu ibi tí wọn yóò ti rí i. Mo kọ́kọ́ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni yóò ṣe. Mo yí iwájú ọkọ̀ padà sí èbúté, mo sì wà á pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Mo wà á títí èjìká mi fi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Nígbà tí mo gbójú sókè, èbúté ti kéré sí i. Odò kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Mo dáwọ́ dúró. Mo jẹ́ kó máa gbé mi lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ yọ́ kúrò láàárín èrò. Àwọn tó ń fa gẹdú ń bọ̀, wọn kò lè yà fún mi, èmi ni mo dúró kí wọ́n kọjá. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì dé, mo yí iwájú ọkọ̀ sí ìgbì rẹ̀, mo sì gun orí rẹ̀ lọ sókè, mo tún gun ún lọ sílẹ̀. Mo ń wo igbá àwọn apẹja kí n má bàa há sínú àwọ̀n. Ní inú kọ́nà kejì, mo rí ibi tí koríko kò ti rìn mọ́, tó kàn ń yí lójú kan. Mo mọ̀ pé omi ibẹ̀ kò lágbára. Mo darí ọkọ̀ síbẹ̀. Mo mú ọ̀pá gígùn tó wà nínú ọkọ̀, mo rì í mọ́ ẹrẹ̀ títí kò fi wọlé mọ́, mo sì fi okùn tó ṣẹ́ kù so ọkọ̀ mọ́ ọn. Mo jẹ́ kí okùn náà gùn.

Omi ń fà títí ọkọ̀ wa fi jókòó sórí ẹrẹ̀, ó jókòó ní títẹ́jú bí ẹni tó ń kírun. Kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́ ju kí n dúró lọ. Oòrùn wá sí àárín orí. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń wò mí bí wọ́n ṣe ń kọjá, ọmọbìnrin kan lórí ẹrẹ̀ pẹ̀lú òkìtì ilẹ̀kùn. Ẹnìkan na ọwọ́ sí mi.

"Ọmọ onílẹ̀kùn! Ilé ńkọ́?"

"Ó ti sá kúrò nídìí ilẹ̀kùn!" Ẹlòmíràn ló dá a lóhùn, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò bínú sí wọn. Ó ti rẹ̀ mí débi pé ẹ̀rù gan-an kò bà mí mọ́. Bóyá ẹ ò tíì mọ irú rírẹ̀ yẹn. Ẹ máa mọ̀ ọ́n, mo sì gbà á ládùúrà pé kó pẹ́.

Apẹja àgbàlagbà kan fi ọ̀pá ti ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ìtòsí, ó ju omi inú ọ̀rá kan sí mi.

"Ta lò ń dúró dè níbí?"

"Omi ni, sà."

Ó wò mí, ó wo ọ̀pá tí mo rì mọ́lẹ̀, ó wo okùn. "Ó máa dé," ó ní, ó sì ti ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo rí i nígbà tó dé. Ewé koríko kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi tó ti na orí sí ọ̀sà láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Ó dẹ̀. Ó dúró lójú kan fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó yí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó na orí sókè odò. Mo dúró títí ọkọ̀ fi léfòó. Mo fa ọ̀pá yọ, mo sì bá omi padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní èbúté nígbà tí mi ò sí níbẹ̀, obìnrin oníyanrìn yẹn ló sọ ọ́ fún mi. Bàbá mi mú fọ́máànù dé, ó bá okùn méjì tó ń fì lára òpó. Ó di ọ̀kan mú, ó wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Ó mọ eyín ayùn rẹ̀. Ó béèrè ibi tí mo wà, wọ́n nawọ́ sí ìsàlẹ̀. Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó wọ omi pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀wẹ̀. Èèyàn méjì ló fà á jáde. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, wọ́n ní àwọn yóò bá a wá mi tí omi bá yí. Kò jókòó. Ó dúró sínú omi títí dé àyà, nígbà tí omi sì fà, ó tẹ̀ lé e lọ síwájú, ó ń pariwo orúkọ mi sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá.

Ibẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí mo yọ láti kọ́nà, ní nǹkan bí àkókò ìrun alásàrí. Omi ti tún gun òun náà dé àyà. Àwọn ará èbúté hó yèè. "Bàbá! Ilẹ̀kùn yín rèé! Ẹ wo ilẹ̀kùn yín!" Kò wo ilẹ̀kùn. Ó di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ayùn mi dà?" ni ohun tó padà jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Mo jókòó lé e, sà. Kó má bàa tutù."

Ó gbé orí rẹ̀ lé etí ọkọ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé e sókè.

Wọ́n tú tápólì. Ilẹ̀kùn márùn-ún gbẹ bí wọ́n ṣe kúrò nílé. Ìkẹfà, igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan ti mu omi níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, èyí tó yọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń fì. Fọ́máànù kò rí i. Bàbá mi ló gbé e wá sójú oòrùn, tí ó fi ìka sí i.

"Ibí yìí ti mu omi. Èmi ni mo fà á. Mi ò mọ ọkọ̀ so."

Mi ò tíì gbọ́ kí bàbá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Fọ́máànù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi èékánná kan igun náà. "Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún un fá. Ẹ̀yìn ilé ìdáná la máa gbé e kọ́ sí. Èmi ni n ó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀." Ó dìde. "Bàbá, ọmọ yín ni kí ẹ mú lọ jẹun."

A sùn sínú ilé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀gá dé lọ́jọ́ kejìlá, nígbà tí ìkẹfà náà ti gbẹ, tí bàbá mi sì ti padà wá gbé e kọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í, ó sì gbé iṣẹ́ ilé tó kù fún bàbá mi. A kò padà sí Ọ̀ṣun.

Bí a ṣe dé Akute, bàbá mi kò kọ́kọ́ wọlé. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá àgbà níwájú ilé rẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Ó ti pokùnso, àbí?" Bàbá mi ní, "Ó pokùnso, mà." Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó dìde, kó wá jẹ ẹ̀wà.

Gbogbo ìyẹn ti lọ. Ìyá àgbà ti kú tipẹ́. Nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n ti fi yanrìn dí púpọ̀ nínú etí odò náà, wọ́n sì mọ ògiri gíga lé e. Èèyàn kò lè rí omi mọ́ àyàfi tí òjò bá rọ̀, tí omi fúnra rẹ̀ wá wo àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn irin ni gbogbo ayé ń rà báyìí, tí wọ́n ń kó wọlé látòkèèrè, ó ń ké bí adìyẹ. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Ibafo ni bàbá mi ń gbé. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè di ayùn mú mọ́. Èmi ń wọkọ̀ lọ, mo ń wọkọ̀ bọ̀. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ náà ń kún, ó ń fà, àmọ́ kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ìgbà rẹ̀, ara mi sì ti ń sọ fún mi pé mo ti ń fi àjẹ̀ bá a jà jù. Mi ò sọ pé ayé àtijọ́ dára ju èyí lọ. Ó rẹ èèyàn nígbà yẹn náà. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí à ń dúró dè.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ kúrò níbẹ̀. Bàbá mi àti fọ́máànù ti gbé ilẹ̀kùn márùn-ún kọ́, ìkẹfà wà lójú oòrùn. Ọkọ̀ wa ti ṣófo, ó fúyẹ́. Omi ń wọlé láti ọ̀sà, ó ń gun odò lọ sí apá ilé wa, ọkọ̀ àwọn èèyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kún ojú rẹ̀. Mo ti lọ jókòó síwájú pẹ̀lú agolo mi. Bàbá mi dúró lórí pákó èbúté, ó di àjẹ̀ mú, ó ń wo omi náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó wọnú ọkọ̀, ó gbé àjẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, ó gba agolo lọ́wọ́ mi, ó sì jókòó tì mí níwájú ọkọ̀.

"Bọ́ sẹ́yìn," ó ní. "Ó ti rẹ̀ mí. Ìwọ ni kó o máa sọ ibi tí a máa gbà fún mi."